Àmì Òǹkà àti Iye: Ìyàtọ̀ Tí Ó Ṣe Pàtàkì Nínú Ìlànà-Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà to fáìlì «ìwé9» àti «ìwé10», «ìwé10» ni yóò sábà fi ṣáájú. Ẹ̀rọ náà kò ṣìṣe. Ọ̀wọ́ àmì lásán ni orúkọ méjèèjì jẹ́ fún un. Láti apá òsì ni ó ti ń fi àmì kan wé èkejì. Nínú ètò ASCII ti ọdún 1963, 49 dúró fún «1», 57 sì dúró fún «9». Níbẹ̀ ni ìdájọ́ parí sí; a kò tilẹ̀ wo «0» tí ó tẹ̀lé e.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ìlànà-iṣẹ́ tí a kọ pé kí ó pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́ àyàfi èyí tí ó kẹ́yìn yóò pa ẹ̀dà kẹwàá rẹ́, yóò sì dá ẹ̀dà kẹsàn-án sí.

Ó yẹ, nígbà náà, kí a ya «àmì òǹkà», ohun tí a kọ, sọ́tọ̀ kúrò lára «iye», ohun tí ó dúró fún. Irú ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: «eéjì» ni a fi ń ka òǹkà, «méjì» ni a fi ń sọ iye nǹkan. Gígé «10» kúrò lára «ìwé10» ni «yíyọ». «Sísọ-di-iye» ni iṣẹ́ kejì, òun ni ọ̀pọ̀ sì ń gbàgbé. Nínú [[ ]] ti Bash, < ń fi àmì wé àmì, ṣùgbọ́n -lt ń fi iye wé iye. Síbẹ̀, Bash yóò kọ «08», nítorí pé òdo iwájú ń tọ́ka sí ìṣirò onímẹ́jọ, èyí tí kò ní 8 nínú. 10#08 ni a ó kọ.