Àbúrò Mi, Iṣẹ́ Àṣírí Bíbò Ni

Àbúrò mi, nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ilé ìwé ìjọba ti bọ́ sí i, mo jó nínú kíṣínì. Ọdún kẹsàn-án mi rèé lẹ́nu ẹ̀ nílùú Houston, mo ń ti kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́ kiri ilé ìwé mẹ́ta. O ti yege ìdánwò méjèèjì tí ìwé ẹ̀rí CompTIA A+ ń béèrè, nítorí náà mi ò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì. Ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi nígbà tèmi: iṣẹ́ àṣírí bíbò ni iṣẹ́ yìí.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, olùkọ́ kan pè mí pé projector òun ò tàn. Bí mo ṣe wọlé ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi. Mo tẹ̀ ba, mo yọjú sẹ́yìn tábìlì, wáyà ló ti yọ. Mo wá fi ohùn rara sọ ọ́: "Wáyà ló yọ o!" Ọmọ mẹ́rìnlélógún bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọdún fi parí, ó sì ń dùn mí dòní. Ìtìjú ló ń pariwo lẹ́nu rẹ̀, mi ò tètè mọ̀.

Ní báyìí, bí mo bá bá wáyà tó yọ, màá fi ara bò ó, màá tì í padà jẹ́jẹ́, màá ní, "Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì." Ìgbà tí àwọn ọmọ bá jáde tán ni màá tó fi ibẹ̀ han olùkọ́. Má gba mouse lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí o sì kí ènìyàn kí o tó wo ẹ̀rọ. Àwọn ará ibí ò ní "ẹ kú iṣẹ́," àmọ́ o lè bi wọ́n bí kíláàsì ṣe ń lọ.

Bí ẹnì kan bá bínú pé a ti fídíò tí òun fẹ́ fi kọ́ ọmọ pa, má bá a jiyàn. Òfin CIPA ti ọdún 2000 ló ní kí ilé ìwé tó ń gba ẹ̀dínwó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ máa sẹ́ àwòrán ìṣekúṣe kúrò fáwọn ọmọ, asẹ́ náà a sì máa gbé ohun rere dání mọ́ ọn. Bá a kọ tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n bá a ṣí i.

Ní ti Chromebook, wọn yóò gbé e wá lóríṣiríṣi. Lẹ́tà T á ti yọ dànù, ọmọ á ní òun ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní May 2025, àwọn ọmọ rí àṣà kan lórí TikTok, wọ́n ń ki ẹ̀dù pẹ́ńsù bọ ojú ihò ṣájà títí èéfín fi ń yọ. Bí o bá rí irú ẹ̀, kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Èyí tí kò bá kàn fẹ́ tàn, di Refresh àti Power mú pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń jí. Ṣùgbọ́n má bi ọmọ léèrè owó ìtúnṣe níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láé. Yá a ní òmíràn, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún ọ́fíìsì.

Máàkì àti àdírẹ́sì ilé ọmọ, gbogbo ẹ̀ lojú rẹ máa rí. Òfin FERPA ti wà láti 1974 láti dáàbò bò wọ́n. O mọ̀ pé àwa Yorùbá pọ̀ ní Houston. Lóde ìnáwó kan, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n bá òun wo máàkì ọmọ tó ń bá tòun dupò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dìde, mo lọ bu ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà tí o kò gbọ́dọ̀ bò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí Chromebook tí ọmọbìnrin kan ní kò ṣiṣẹ́, mo bá ohun tí wọ́n ń ṣe sí i nílé nínú ohun tó kọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́, mi ò fi han ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé ni mo gbà lọ lójú ẹsẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì pe ìjọba, torí òfin Texas ní ẹnikẹ́ni tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Má rò pé ó tán bí o bá ti sọ fún ọ̀gá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ náà wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ṣájà òun ti sọnù. Mo kí i bí mo ṣe ń kí gbogbo ọmọ, mo sì fún un ní òmíràn.