Àṣàrò Òwúrọ̀: Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Kíkà: Róòmù 12:17-21



Kàlàbá ni wọ́n bí ọ̀gágun Joseph Edet Akinwale Wey sí lọ́dún 1918. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ará ibẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún àwọn ọmọ ogun ojú omi.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967. Àwọn ọkọ̀ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dí ọ̀nà òkun mọ́ Bìáfírà. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Kàlàbá, ìlú tí wọ́n ti bí i gan-an. Ọ̀nà tí wọ́n dí yẹn ran ìjọba lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun, àmọ́ ó wà lára ohun tó fa ebi tó pa ọmọdé rẹpẹtẹ, àwọn tí ò mọ ohun tí àgbà ń jà sí.

Àwa ńkọ́? A ò ní ọkọ̀ ogun ní Mushin tàbí Surulere, ṣùgbọ́n a ní kọ́kọ́rọ́. Tọkọtaya jà, ọkọ ò fowó oúnjẹ sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n bínú sí àbúrò, kò san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ mọ́. Ta ló ń jìyà? Pọ́ọ̀lù ní ká bọ́ ọ̀tá tí ebi ń pa. Ká má tíì wá sọ ti ọmọ tí kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni!

Ìjà náà lè má tíì parí. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ tì mọ́ ọmọ yẹn.

Àdúrà: Bàbá, má jẹ́ kí ìbínú mi fi ebi pa aláìṣẹ̀. Lórúkọ Jésù. Àmín.