Kílọ́ọ̀ṣì Olómi: Èwo Ló Bàjẹ́ Gan-an?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí mọ́tò, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń bá bàbá tàbí bọ̀ọ̀dá wọn lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ní Port Harcourt níbí, tó bá ti di Ọjọ́rú, ọjà Oil Mill ní Rumuokwurusi, lójú ọ̀nà Aba, á kún fọ́fọ́, tuntun àti àlòkù á wà nílẹ̀. Yálà níbẹ̀ lẹ lọ o, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹni tí ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀ lè fi owó oúnjẹ ra irin tí kò nílò.

Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni láti já ẹ́ńjìnì kúrò lára jíà fúngbà díẹ̀, kí awakọ̀ lè pààrọ̀ jíà. Wáyà ló ń fà á nínú àwọn ọkọ̀ kan. Nínú èyí tó jẹ́ olómi, bíréèkì ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ. Síléndà méjì ló wà: ọ́pà wà lẹ́yìn pẹ́dà, lówà wà lẹ́bàá jíà, páìpù sì so wọ́n pọ̀. (Ẹ má pe ọ́pà ní ọ̀pá o! Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so pẹ́dà mọ́ ọ́pà.)

Blaise Pascal, ọmọ Faransé tó gbé ayé láti 1623 sí 1662, ló ṣàlàyé rẹ̀: tí a bá tẹ ohun olómi tí a sé mọ́nú nǹkan, ìtẹ̀ yẹn á dé ibi gbogbo lọ́gbọọgba. Ká ní ojú písítìn ọ́pà jẹ́ 2 cm², ti lówà jẹ́ 3 cm². Bí 300 N bá ti ọ́pà, lówà á fi 450 N ti kílọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́: ọ́pà á rin 3 mm kí lówà tó rin 2 mm. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ yẹn lẹsẹ̀ yín á máa fún pọ̀, lówà ò ní rìn tó.

Ó dáa, pẹ́dà rọ̀, jíà ò sì wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wo ike ọ́ìlì. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn pẹ́dà níbi tí ọ̀pá ti wọlé: bó bá tutù, ọ́pà ni. Ẹ ṣí rọ́bà ẹnu lówà: bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, lówà ni. Bí ibi gbogbo bá gbẹ, tí ọ́ìlì pé, síbẹ̀ tí pẹ́dà ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, rọ́bà inú ọ́pà ló ti jẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì bá ń pariwo tí mọ́tò ò sáré, ẹ fi síléndà sílẹ̀. Díìsì ló sábà máa ń jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra o: mọ́tò tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò já lè fò síwájú tí wọ́n bá ṣíná rẹ̀ nínú jíà. Ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú.

Ní tèmi, mi ò ní ra síléndà àlòkù, torí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má ra ọ́ìlì tí wọ́n ti ṣí, ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike ni kẹ́ ẹ lò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì á mú rọ́bà wú, á bà á jẹ́. Bí bíréèkì ọ́ìlì bá kán sára ọ̀dà ọkọ̀, kíá ni kẹ́ ẹ fomi fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de síléndà tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde, ènìyàn méjì ló sì ń ṣe é. Ọ̀gá á wà nísàlẹ̀, ọmọṣẹ́ á wà nídìí pẹ́dà.

“Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá.”

Ọ̀gá á tú nọ́ọ̀tì kékeré ara lówà, afẹ́fẹ́ á hó jáde, á tún un dè, ìgbà yẹn lọmọṣẹ́ tó lè gbẹ́sẹ̀. Tó bá gbẹ́sẹ̀ ṣáájú, afẹ́fẹ́ á padà wọlé. Wọ́n á máa ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa bu ọ́ìlì kún ike, títí ọ́ìlì nìkan á fi máa jáde. Ẹ wá ṣíná, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ rìfáàsì wò. Tí kò bá ké, ó ti ṣe é.