Lẹ́yìn Ogójì Ọjọ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Ní Ìlórò-Èkìtì wa níbí, bí ọkọ ẹnìkan bá kú, kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbàlá ti kún. Àwọn obìnrin ilé ń gúnyán, ẹgbẹ́ ìjọ ń kọrin, àwọn àna ń ṣètò àga. Èrò kì í wọ́n wa nígbà náà. Oṣù kẹta ni wọ́n máa ń wọ́n, nígbà tí wọ́n ti kó àga ìyálò lọ, tí owó ilé-ìwé dé, tí o sì ń bu gààrì, tí ọwọ́ rẹ ṣì ń bu ti ẹni tí kò sí mọ́.

Ti dálémoṣú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń gbé ọbẹ̀ wá fún obìnrin tó kọ ọkọ? Bó bá ti ń bọ̀, wọ́n á dákẹ́. Tèmi ni pé òun ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ kí: opó ní aṣọ tó ń sọ fún ayé pé inú rẹ̀ bàjẹ́, dálémoṣú kò ní.

Má kúrò nínú ẹgbẹ́ o. Bí o bá ti ń dá àjọ tẹ́lẹ̀, má sọ pé o fẹ́ sinmi ná. Bẹ olórí àjọ kó bá ọ dín in kù; bó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà lò ń dá, dá igba, kí orúkọ rẹ ṣáà wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí o kò bá yọjú, ẹnìkan á béèrè rẹ. Kí o sì wá opó kan tó ti ṣáájú rẹ. Ó mọ ohun tí pásítọ̀ kò mọ̀: àna wo ni kí o kọ́kọ́ kí, àti bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣú ni lópó láìdi ìjà.

Ọ̀rọ̀ ogún ńkọ́? Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún, ìdí-igi ni wọ́n sì sábà ń fi pín in. Nítorí náà, ìpín àwọn ọmọ rẹ ni kí o dúró tì. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, òfin mọ ìwọ náà sí ẹni tó ní ìpín. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yẹn ni kí o máa mú jáde, kí ojúlówó má kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ní ti owó báńkì, pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí ìbátan rẹ̀ kò tó. Kọ́ọ̀tù Gíga ní Adó-Èkìtì ni kí o ti lọ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún. Bí olóògbé bá sì jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, béèrè nípa adójútòfò ẹ̀mí: òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kó tó owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún 3, ó kéré tán.

Ẹni tó bá fẹ́ lé ọ jáde nítorí pé o kò bí ọmọkùnrin, sọ fún un pé ọdún 2014 kan náà ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ opó kan ní Awka tí wọ́n lé bẹ́ẹ̀, opó ló sì jàre. Nílé wa níbí náà, òfin tó dènà ìwà ipá sí obìnrin ti wà ní Èkìtì láti 2011. Wọ́n tún un ṣe ní 2019.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ opó tàbí dálémoṣú, ẹ yéé béèrè pé kí ni ẹ lè ṣe. “Kò sí” ni yóò máa wí. Ẹ mú ọmọ rẹ̀ dé ilé-ìwé. Ẹ jókòó bá a bó iṣu. Bí ẹgbẹ́ bá sì ń mú àǹkárá, ẹ mú ti dálémoṣú mọ́ ọn, kó máa san án díẹ̀díẹ̀.