Ẹ má tíì gé igi yẹn: ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta òdòdó, tí ẹ ń gbin koríko, tí ẹ ń to íńtálọ́ọ̀kì ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, bí iṣẹ́ bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan, kí ẹ kó àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ sí Ìkógòsì. Kì í ṣe fún fàájì nìkan o.

Omi gbígbóná ibẹ̀ ń ṣàn lọ pàdé omi tútù lábẹ́ igi ńláńlá. Ẹ wo ibi tí àlejò ń dúró sí, ibi tí wọ́n ń jókòó sí, àti ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti la ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé ta ni yóò jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án bí kò bá sí igi. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe bá ti gba iṣẹ́ ọgbà ilé ìtura, àdá ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, kọnkéré ló tẹ̀ lé e. Oòrùn á lé oníbàárà kúrò, onílé ìtura ò sì ní pè wọ́n mọ́.

Irú ẹ̀kọ́ yìí wà ní Èkó náà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni Freedom Park tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010. Theo Lawson tó yàwòrán rẹ̀ kò pa ìtàn ibẹ̀ rẹ́: ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ló di pèpéle àwọn olórin.

Kí ẹ tó dá iye lé iṣẹ́ tó kàn, ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká, ẹ kọ àwọn igi tó máa dúró sílẹ̀, kí ẹ sì fi owó ìtọ́jú wọn kún iye tí ẹ máa gbà.