Ohun tí Ó Yẹ Ká Wò Kí A Tó Yáni Lówó Ra Oko Àgbọn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ fi owó àyálò ra oko àgbọn ní ìhà Àgbádárìgì, ẹ má ka iye igi nìkan. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Kòkòrò dúdú oníwo, Oryctes monoceros, kì í yé ẹyin sára igi tútù: inú ìtì àgbọn jíjẹrà àti ààtàn ni ìdin rẹ̀ ti ń dàgbà. Oko tí òkú igi bá pọ̀ sí, ewu ń bẹ níbẹ̀, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè. Òru ni ó máa ń fò wá gbẹ́ ihò sí ìdí mọ̀rìwò. Bí imọ̀ náà bá là, á dàbí èyí tí a fi sísọ́ọ̀sì gé. Bí ó bá jẹ ọmọ igi dé ọkàn, igi náà kú nìyẹn. Àgbà igi lè yè é, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ á dín, kòkòrò ọ̀pẹ ẹlẹ́nu gígùn (tí àwọn kan ń dín ìdin rẹ̀ jẹ) a sì tún máa gba ojú ihò yẹn wọlé.

Ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ owó yíyá ni pé kí olóko kọ́kọ́ sun gbogbo òkú igi, kí wọ́n tó sanwó.