Ìgò Kan, Wákàtí Mẹ́fà

Láti Ìtòkú nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá, ọwọ́ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ló sì ti jáde. Ojú ìwé kan péré ni, ṣùgbọ́n kò sí ìlà tó ṣòfò níbẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Eyín mi ń pọ́n, pàápàá àwọn ti iwájú lókè, omi tútù ò sì ṣeé fẹnu kàn mọ́. Ohun tí mò ń mu ní ìsọ̀ kò ju Kóòkì kan lọ. Mo máa ń ṣí i láago mọ́kànlá, òun náà ló máa ń bá mi dé aago márùn-ún. Èyí tí kò ní ṣúgà ni mo tiẹ̀ ń rà láti ọdún méjì, nítorí ìtọ̀ ṣúgà wà nídìílé wa. Tí mo bá ti mu ún tán, mo máa ń run pákò lójú ẹsẹ̀ kí kòkòrò má baà ráyè. Ní Sátidé, mo máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti èédú fọ̀ ọ́ kó lè funfun. Ṣé kòkòrò náà ni, àbí ọjọ́ orí? Ṣé kí n fi Kóòkì sílẹ̀, kí n máa mu sóbò? Àbí pákò ni kí n jù nù?"

Ìyá yìí ti gbìyànjú o. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ibi tó ti ń gbìyànjú jù gan-an ni ìpalára ń gbà wọlé.

Ká kọ́kọ́ mú kòkòrò kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Kòkòrò eyín ń jẹ ṣúgà, ó ń yọ ásíìdì, ó sì ń gbẹ́ ihò síbi tó bá sá pamọ́ sí, láàárín eyín méjì tàbí nínú kòtò eyín ẹ̀yìn. Ásíìdì tó ń bá ìyá Ìtòkú jà kò dúró de kòkòrò kankan. Inú ìgò ló ti ń bọ̀ tààrà, gbogbo ojú eyín tó bá kàn ló sì ń fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń fẹ́lẹ́ ni ìpele líle tó bo eyín lóde, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní enamel. Èèpo eyín ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Òkúta méjì ló gbajúmọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Olúmọ ni ọ̀kan, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èkejì wà nínú ilẹ̀ ní Ewékorò, òkúta ẹfun tí wọ́n ti ń wà ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Bí èèyàn bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sára Olúmọ, òkúta náà kò ní mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Ẹ fún un sórí òkúta Ewékorò tí ẹ lọ̀ díẹ̀, yóò hó. Ó wu ọ̀pọ̀ wa ká gbà pé bí Olúmọ ni eyín wa rí, nítorí pé kò sí ohun tó le tó èèpo eyín lára èèyàn. Ó le ju egungun lọ, nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 rẹ̀ ló sì jẹ́ èròjà òkúta. Àmọ́ kálísíọ̀mù ló pọ̀ nínú èròjà náà, ìbátan Ewékorò sì ni. Kì í hó bíi tirẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́. Kò sì nípọn: níbi tó ti nípọn jù lọ, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 àbọ̀ lọ. Èyí tó bá ti lọ pátápátá kì í hù padà.

Báwo ni ohun mímu ṣe ń kan tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti rẹ aṣọ láró rí mọ̀ pé kọ́sítíìkì kì í ṣe ohun àfọwọ́ṣeré. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní pH, láti 0 dé 14. Kọ́sítíìkì wà lọ́hùn-ún lókè, omi lásán wà láàárín ní 7, ohun kíkan wà nísàlẹ̀. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ sì ń sọ kíkan náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ẹnu bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bíi 5.5, èèpo eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kóòkì wà ní nǹkan bíi 2.5. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn eyín kan wọn ohun mímu oríṣi 379 tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: ìdá 93 nínú 100 wọn ni kò tó 4. Àwọn bàbá wa kò ní òṣùwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá mu ọsàn kíkan á ní eyín ń kan òun.

Ẹ kíyè sí i pé a ò tíì dárúkọ ṣúgà nínú ìṣirò yìí. Nínú Kóòkì, ásíìdì tí wọ́n ń pè ní phosphoric ló ń ṣiṣẹ́; nínú Fáńtà, irú èyí tó wà nínú ọsàn ni. Bí wọ́n bá yọ ṣúgà kúrò, ásíìdì dúró síbẹ̀, Kóòkì tí kò ní ṣúgà náà sì wà ní nǹkan bíi 3. Nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ìyá yìí ṣe dáadáa bó ṣe yí i padà, kó má sì padà sẹ́yìn. Ìrètí pé ìyípadà náà yóò gba èèpo eyín là ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin ìjọba pàápàá, àdídùn ló ń lé: Òfin Ìnáwó 2021, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, gbé náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi àdídùn sí. Ìtọ̀ ṣúgà àti ìsanrajù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Sóbò ńkọ́? Ìsápá pupa ni wọ́n ń sè, ìsápá sì ń kan láti oko rẹ̀ wá. Kò yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni àárín aago mọ́kànlá sí aago márùn-ún. Ẹ wo ìgò náà lábẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì kàm̀pálà. Oníbàárà dé, wọ́n ná ọjà, ó lọ. Ìyá wa tẹ̀ ba, ó ṣí ìdérí, ó mu ẹnu kan, ó dé e padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún mu òmíràn. Lẹ́yìn ẹnu kọ̀ọ̀kan, itọ́ máa ń nílò nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó fọ ásíìdì náà kúrò, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ padà nínú kálísíọ̀mù tó yọ́. Itọ́ ìyá yìí kì í rí ìsinmi náà. Bí ó bá ń mu ẹnu kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnu mẹ́rìnlélógún ni láàárín wákàtí mẹ́fà, eyín rẹ̀ sì wà nínú omi kíkan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó mu ìgò kan náà tán pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ìyà nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ì bá jẹ eyín. Nígbà tó bá fi di aago méjì, ìgò náà á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ásíìdì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì ń yára ṣiṣẹ́ ju èyí tó tutù lọ.

A kì í mu ún báyìí tẹ́lẹ̀. Ní 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Kóòkì sínú ìgò ní Nàìjíríà, ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí bí ìgò onígíláàsì ṣe rí: ẹni tó rà á kì í lè gbé e lọ bí kò bá fi owó ìgò sílẹ̀, nítorí náà orí ìdúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á ni ọ̀pọ̀ ti ń mu ún tán, wọ́n á dá ìgò padà, ó parí. Ìgò oníke tó ní ìdérí ló sọ ohun mímu ìṣẹ́jú márùn-ún di alábàárìn ọjọ́ kan gbáko. Ó rọrùn fún òǹtajà, ó rọrùn fún dírẹ́bà tó ń lọ Pánṣẹ́kẹ́. Eyín ni kò bá wọn dá sí àdéhùn náà.

Ó wá ku pákò. Lẹ́yìn ohun kíkan, ojú èèpo eyín á rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí itọ́ bá ráyè, ó lè le padà. Bí pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì bá dé kó tó le, ṣe ló máa gbá èyí tó rọ̀ náà lọ. Láàárín àwọn aláìsàn wa níhìn-ín gan-an, Oginni àti Olusile ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2002 lórí eyín tó ń jẹ lọ, wọ́n sì ya oríṣi mẹ́ta sọ́tọ̀: èyí tí eyín fi ń ha ara wọn, èyí tí ohun ìfọyín ń ha, àti èyí tí ásíìdì ń yọ́. Ìyá Ìtòkú ti so méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti èédú ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó yẹ ká sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: kó dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Eyín rẹ̀ ń pọ́n nítorí pé èèpo tó funfun ti fẹ́lẹ́, ara eyín tó pọ́n lábẹ́ rẹ̀ sì ń hàn. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń yọ́ ìyókù, èédú ń ha á, nígbà tó bá sì di Sátidé tó ń bọ̀, eyín á tún pọ́n sí i, òun náà á sì tún fi kún fífọ̀.

Èwo ló kù tó lè ṣe? Bí kò bá lè fi Kóòkì sílẹ̀, kó mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, ní tútù, kó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, kó má fi ṣan ẹnu kiri. Sitírọ́ọ̀ náà dára, bó bá ti ẹnu rẹ̀ kọjá eyín iwájú. Lẹ́yìn náà, kó fi omi ṣan ẹnu. Omi inú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ ti tó. Ẹyọ wàrà kan lẹ́yìn oúnjẹ kò burú, kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Lálẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu, kó tu ìfófòó rẹ̀ dànù láìfi omi ṣan án tán, kó má sì mu ohun mìíràn mọ́ yàtọ̀ sí omi, nítorí pé itọ́ máa ń dín kù gan-an bí a bá ń sùn.

Kó tún lọ sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) ní Ìdí-Abà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn eyín náà pẹ̀lú iwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iwájú ló ti fẹ́lẹ́, ohun mímu ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, níhà òkè ẹnu, ohun tí dókítà á béèrè yóò yí padà: ṣé oúnjẹ máa ń ru padà sọ́nà ọ̀fun, ṣé èébì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ásíìdì inú ikùn kan ju ti Kóòkì lọ. Ibi tó bá ti jẹ jù, wọ́n lè fi ohun àmọ́pọ̀ aláwọ̀ eyín bò ó, ìrora omi tútù náà á sì dínkù.

Kò sí ìdí láti ju pákò nù. Kó máa run ún láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkankan. Ti ọ̀sán ni kó fi sínú àpò títí wákàtí kan yóò fi kọjá lẹ́yìn tó ti ju ìgò nù.